Bí Aláboyún Ṣe Lè Dí Ọ̀nà Òjé Kó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ Inú Rẹ̀

Òjé ni irin tó rọ̀, tó wúwo, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú, èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Òun ló wà nínú bátìrì mọ́tò. Òun ló wà nínú wáyà tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń fi iná yọ́, nínú ọ̀dà ara ògiri àtijọ́, àti nínú ìgò tìróò kékeré tó ṣeé ṣe kó wà nínú àpò yín báyìí. Bó bá wọ ara obìnrin tó lóyún, kì í mọ sára obìnrin náà nìkan. Láti nǹkan bí oṣù kẹta oyún ló ti ń gba ara ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ láti inú okùn ìwọ́ lọ́jọ́ ìbímọ, iye òjé tí wọ́n ń bá níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ìyá.

Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ìyá ru, ó lè mú kí oyún bàjẹ́, ó lè mú kí ọmọ wáyé láìpé oṣù tàbí kó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni ti ọpọlọ. Ọmọ lè dàgbà kí ọ̀rọ̀ má tètè yé e, kó má lè fara balẹ̀ nídìí ìwé, kí wọ́n máa pè é ní olórí kunkun níléèwé, kó sì jẹ́ pé inú oyún ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé kì í sábà dun ni. Aláboyún tí òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa jẹun, kó máa lọ sọ́jà, kó máa rẹ́rìn-ín. Bó bá tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́, bí orí ń fọ́ ọ, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, gbogbo wa ni yóò sọ pé oyún ni. Oògùn tí ń fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kì í fẹ́ fún aláboyún àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀. Nítorí náà, kí a wá ibi tó ń gbà wọlé kí a sì dí i, ìtọ́jú gan-an nìyẹn. Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yẹ ilé wò

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ti òjé, ẹ wò ó kí ọmọ náà tó dé, kódà kí oyún tó dúró bó bá ṣeé ṣe. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ jókòó, kí ẹ sì kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀. Kí ni mò ń lé sójú, kí ni mò ń fi para? Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, iṣẹ́ wo ni ọkọ mi àti àwọn tó ń bá wa gbé ń ṣe? Kí ni wọ́n ń yọ́, kí ni wọ́n ń jó ládùúgbò wa? Kí ni mò ń jẹ tí kì í ṣe oúnjẹ? Irú ìkòkò wo ni mo fi ń sebẹ̀? Ilé tí à ń gbé ti pẹ́ tó, ṣé ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí? Ṣé mo ń mu àgbo tàbí lá ẹ̀bu tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ẹ mú ìwé náà lọ sí kílíníìkì aláboyún. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn yóò yẹ ìtọ̀ wò, wọn yóò béèrè oyún mélòó lẹ ti ní, ṣùgbọ́n wọn kò ní béèrè nípa òjé. Ẹ̀yin ni kí ẹ dá a sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbé tìróò kúrò nílé

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, torí tìróò kì í ṣe nǹkan àná lọ́wọ́ wa. Ìyá fi sójú, ìyá ìyá fi sójú. Ẹ wo ìgò náà dáadáa: kò ju ìka ọwọ́ lọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọmọrí rẹ̀, ẹ̀bu dúdú tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń kọ yẹ̀rì bí ẹ bá gbé e síta oòrùn. Kíkọ yẹ̀rì yẹn ni kó fu yín lára. Òkúta dúdú tó ń dán ni wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò àtijọ́, òjé àti imí ọjọ́ ló sì para pọ̀ di òkúta náà.

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Òjé tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó maikirogíráàmù 13 nínú désílítà kan. Wọ́n wá ilé títí, tìróò tí wọ́n rà nílé Nàìjíríà ni wọ́n bá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń lé e sójú ọmọ náà kí ojú rẹ̀ lè dára. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀bu náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Àwọn òbí yẹn fẹ́ràn ọmọ wọn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń lé e. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó parí.

Bákan náà ló rí fún aláboyún tó lé tìróò, tó fi ọwọ́ kan náà bu ẹ̀kọ. Àwọn kan yóò ní èédú ni wọ́n fi ṣe tàwọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fìyàtọ̀ sáàárín dúdú kan àti dúdú mìíràn, ẹni tó ń tà á pàápàá lè má mọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pa á tì pátápátá láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ń retí oyún títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, kí ẹ má sì lé e fún ọmọ láéláé, kì í báà ṣe ojú, kì í báà ṣe ìdodo. Bí ẹ bá fẹ́ kó o dànù, ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má sun ún. Ẹ di ìgò náà sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ so ó le kí ẹ tó kó o fún àwọn akólẹ̀.

Ìyá ọkọ yín lè gbé tìróò wá lọ́jọ́ ìkómọ. Ó sàn kí ọkọ ti bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí kò bá rí i sọ, irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní dá ìjà sílẹ̀: “Màámi, ẹ ṣé gan-an o, ẹ kú ìtọ́jú wa. Àwọn nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa pé òjé wà nínú tìróò, pé ó ń dé ọpọlọ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù.” Ẹ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ẹ fún un ní òmíràn ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí eruku iṣẹ́ má bá ọkọ wọlé

Tí ọkọ yín bá ń tún bátìrì ṣe, tó jẹ́ onírìwáyà, pẹnítà, panẹbíítà, tó ń tún rédíò àti fóònù jó, tó ń yọ́ òjé àwọ̀n, tàbí tó ń sun wáyà láti mú kọ́pà inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún sáà oyún. Mo mọ̀ pé owó ló ń lé ni dé ìdí iṣẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe láti fi í sílẹ̀, ẹ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì àti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, kí ẹ dúró ti ọjà títà tàbí ìwé kíkọ.

Àwọn ará ìpínlẹ̀ Zamfara rí i lọ́nà tó burú jáì lọ́dún 2010. Òkúta góòlù tí wọ́n ń wà ní òjé nínú. Wọ́n ń gbé e wálé, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Wúrà ni àwọn bàbá wọn ń wá, òjé ló bá wọn délé.

Ẹ fojú inú wo ìrọ̀lẹ́ kan. Oníbátìrì ti ibi iṣẹ́ dé, eruku funfun wà létí ṣòkòtò rẹ̀ àti nínú èékánná rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì sáré gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ó fi ẹnu sí aṣọ. Ìyàwó tó lóyún gba ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n kó tó kó o sínú báàfù. Gbígbọ̀n yẹn ló gbé òjé dé imú rẹ̀.

Ẹ yí i padà báyìí. Kí ọkọ ní aṣọ iṣẹ́ àti bàtà iṣẹ́ tí kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kó tó máa bọ̀ nílé, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ojú àti irun, kó pààrọ̀ aṣọ, kó kó ti iṣẹ́ sínú ọ̀rá. Bó bá délé, baluwẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà kó tó gbé ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ni kó fọ aṣọ iṣẹ́: kó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi láìgbọ̀n ọ́n, kó má dà á pọ̀ mọ́ aṣọ ilé, kó má sì da omi rẹ̀ sí ibi tí ọmọ ti ń ṣeré tàbí ìdí ẹ̀fọ́. Kó má jẹun ní ṣọ́ọ̀bù láìfọwọ́. Ohun tó wà nínú bátìrì ògbólógbòó kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà ilé yín, kódà fún alẹ́ ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi omi nu ilẹ̀

Ọwọ̀ gbígbẹ ń gbé eruku sókè ni. Bí eruku òjé bá wà nílé, ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀, ojú fèrèsé àti orí tábìlì, kí ẹ fọ àkísà náà nínú omi mìíràn kí ẹ tó padà sórí ilẹ̀. Kí bàtà gbogbo èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì máa gé èékánná.

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ní láti múra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ògíjo, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, àwọn akọ̀ròyìn mú kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò wò, wọ́n sì bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àtàwọn ọmọdé pàápàá. Ìròyìn náà jáde lọ́dún 2025. Tí èéfín irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ má sá ẹ̀lùbọ́ tàbí ata síta gbangba, ẹ bo orí kànga. Bí ẹ bá ní ẹbí tó lè gbà yín sọ́dọ̀ títí ẹ ó fi bímọ, ẹ lọ. Kì í ṣe àṣejù.

Ní ti ọ̀dà, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń fẹ́ tún yàrá ọmọ kùn kí ọmọ tó dé. Ohun tó dára ni, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi pépà gbígbẹ ha ọ̀dà àtijọ́. Kí wọ́n fi omi rẹ ẹ́, kí aláboyún sùn níbòmíràn títí wọn yóò fi nu gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá kọ́ ilé yín ṣáájú ọdún 1978, ẹ gbà pé òjé wà nínú ọ̀dà rẹ̀ àyàfi tí àyẹ̀wò bá sọ pé kò sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: amọ̀, ìkòkò, omi

Oyún máa ń mú kí ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni torí ìyẹn. Ṣùgbọ́n amọ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu, wà lára ohun tí àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ fún aláboyún pé kí wọ́n má jẹ mọ́, torí òjé. Bí amọ̀ bá ń wù yín jẹ ṣáá, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yín ló lọ sílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ìfẹ́ náà rọlẹ̀.

Ìkòkò tí wọ́n yọ́ láti ara àlòkù irin, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, wáyà, rédíétọ̀, lè ní òjé nínú, ohun kíkan bíi tòmátì sì máa ń fà á jáde. Ẹ lo ìkòkò onísíténlẹ́sì bí agbára bá ká a. Bí kò bá ká a, ẹ má fi ọbẹ̀ ata sùn mọ́jú nínú ìkòkò náà, ẹ má sì fi nǹkan líle ha inú rẹ̀. Àwo tánganran tí ara rẹ̀ ti bó, kí ó kúrò nídìí oúnjẹ.

Omi tó bá ní òjé kò ṣeé fi sísè wẹ̀ mọ́, sísè ń mú kó ki sí i ni. Èyí kan àwọn ará ilé àtijọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà jù, níbi tí páìpù òjé ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀: omi tútù ni kí ẹ lò fún oúnjẹ, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ sàn díẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì ní kí ilé iṣẹ́ omi wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oúnjẹ tí kò ní jẹ́ kí egungun jọ̀wọ́ òjé

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ rèé. Òjé tí ẹ ti gbé mì láti kékeré kò tíì lọ. Egungun ló sá sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó dàgbà létí títì l'Ékòó kí ọdún 2006 tó dé ti fa èéfín epo bẹntiróòlù tó ní òjé símú. Bí oyún bá dé, ọmọ nílò káṣíọ̀mù láti fi mọ egungun tirẹ̀. Bí kò bá rí i tó nínú oúnjẹ ìyá, ara ìyá yóò yọ ọ́ nínú egungun, òjé yóò sì bá a jáde.

Nítorí náà, ẹ jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun tegungun, edé, wàrà, mílíìkì, yànmọ̀tí, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀wà, ẹran, ẹyin àti ẹ̀fọ́. Kí ẹ fi ọsàn tàbí gúáfà tẹ̀ lé e kó lè wọra. Ẹ má jẹ́ kí inú òfìfo pẹ́, torí inú tó ṣófo máa ń gba òjé sára ju inú tó ní oúnjẹ lọ. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún sàn ju ẹ̀bà ńlá kan ní alẹ́.

Níbi tí káṣíọ̀mù oúnjẹ kò bá ti tó, WHO ní kí aláboyún máa lo gíráàmù 1.5 sí 2 lójúmọ́, pínpín sí ọ̀nà mẹ́ta. Kílíníìkì ni yóò sọ èyí tó bá yín mu. Ẹ má gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ fi wákàtí mélòó kan sáàárín wọn, kí ẹ má sì fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì.

Ìgbésẹ̀ keje: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Bí ìwé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní bá ti fi ohun kan hàn, ẹ ní kí dókítà kọ àyẹ̀wò òjé fún yín. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ló ń ṣe é. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan apá ni kí wọ́n fà, torí eruku orí ìka lè ba èsì ti ìka jẹ́.

Bí èsì bá dé maikirogíráàmù 5 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan (5 µg/dL) tàbí jù bẹ́ẹ̀, WHO ní kí wọ́n wá orísun òjé náà kí wọ́n sì mú un kúrò, kí wọ́n sì fún aláboyún tí káṣíọ̀mù tàbí èròjà irin ara rẹ̀ kò tó ní èyí tó kù. Bó bá dé 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni kíákíá, níbi tí ẹni tó mọ̀ nípa májèlé yóò ti bá dókítà aláboyún jíròrò. Bó bá wà ní ìsàlẹ̀ 5, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí tìróò má padà wá.

Ẹ má ra oògùn “tí ń fọ ẹ̀jẹ̀” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Òmíràn nínú wọn lè ní òjé nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nígbà tí ọmọ bá dé

Ẹ sọ fún àwọn agbẹ̀bí kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú okùn ìwọ́ fún àyẹ̀wò. Bí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láàárín oṣù kan.

Ẹ fún un lọ́mú. Òjé díẹ̀ ń gba inú ọmú, àmọ́ ó kéré sí ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àǹfààní ọmú sì pọ̀ fíìfíì. Àyàfi bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá dé 40 µg/dL ni àwọn onímọ̀ ìlera Amẹ́ríkà ní kó fún ọmú dànù títí iye náà yóò fi wálẹ̀. Kí káṣíọ̀mù àti oúnjẹ ìgbésẹ̀ kẹfà máa bá a lọ, torí egungun ìyá ṣì ń tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò ọmú.

Bí ọmọ bá ti ń rákò, ilẹ̀ ni ilé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ni ọwọ́ rẹ̀ kejì. Àkísà tútù yẹn á tún wúlò lójoojúmọ́. Ẹ fi ìwé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní sínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, kí ẹ máa fi han nọ́ọ̀sì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e lọ.